Bí a ṣe ń yan ewéko abolẹ̀ fún ọ̀nà àgbàlá ní Kétu, kí ẹ̀ẹ̀rùn má baà pa á

Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹ ó rí àwọn tó ń ra koríko gàsọ́ọ̀nù lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Á tutù yọ̀yọ̀ títí di oṣù kẹwàá. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kìíní, ọyẹ́ á ti gbẹ ẹ́ dénú, ilẹ̀ pupa á tún yọjú láàárín rẹ̀, òjò tó bá sì tún dé á máa gbé ẹrẹ̀ wọ pálọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún lọ ra òmíràn.

Kì í ṣe pé wọn kì í bomi rin ín. Ẹlòmíràn ń bomi rin ín láràárọ̀, owó omi sì ń gun orí ara wọn. Ibi tí nǹkan ti ń wọ́ ni yíyàn: ojú la fi ń yan ewéko, a kì í kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹsẹ̀ ń gba ibẹ̀, bóyá oòrùn ń pa ibẹ̀, bóyá ewúrẹ́ àdúgbò lè dé ibẹ̀. Ní Kétu tiwa yìí, ní orílẹ̀-èdè Benin, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ṣì ń gbe omi òjò láti orí páànù sínú táńkì tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sínú ilẹ̀. Ewéko tó bá ń béèrè omi lójoojúmọ́ ń bá ènìyàn pín omi mímu ni, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ àgbàlá òun ní ìbora tó máa la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá pẹ̀lú omi díẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ọkọ́, àdá, ṣọ́bìrì, okùn gígùn àti èèkàn bíi mẹ́jọ
- Eérú ìdí àárò, garawa kan
- Òkúta pẹlẹbẹ tàbí bíríkì sìmẹ́ńtì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5
- Yanrìn
- Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìẹ tó ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tó ṣì gbóná máa jó gbòǹgbò
- Ìbòlẹ̀, ohun gbígbẹ tí a ń fọ́n bo ilẹ̀: èèpo ẹ̀pà, èèpo ekùrọ́, tàbí koríko gbígbẹ tí kò tíì so èso
- Bídọ́ọ̀nù lítà 25 àti agolo tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí

Ẹ má ra ewéko kankan báyìí. Ìpele kẹta la máa tó dé ibẹ̀.

Ìpele 1: Ẹ jẹ́ kí eérú fi ọ̀nà hàn yín

Lọ́jọ́ tí òjò ò ṣú, tí afẹ́fẹ́ ò sì pọ̀, ẹ gbá ojúde mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá ku eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀ láti géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn, dé ìdí táńkì omi, dé ilé ìdáná. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gba ibì kan tàbí kó yà fún ibì kan. Ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ẹ ó rí i pé ibi tí ẹ rò pé ọ̀nà wà kọ́ ni ẹsẹ̀ ń gbà. Àwọn ọmọ á ti gé kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó ń ru omi á ti yà fún gbòǹgbò tó yọrí, á gba ibi tó tẹ́jú jù. Zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà, tó gbé èrò wọlé á ti fi táyà fa ilà lẹ́bàá ògiri. Ipasẹ̀ wọ̀nyí ni ọ̀nà tòótọ́. Tí ẹ bá tẹ́ òkúta sí ibòmíràn, wọ́n á máa tẹ ewéko yín mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ìbáwí tó máa yí i padà.

Ẹ fi èèkàn pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta:

Ibi tí eérú ti pòórá pátápátá ni *ojú ẹsẹ̀*. Ibi tí ipasẹ̀ ti hàn lọ́kọ̀ọ̀kan ni *ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà*. Ibi tí eérú ṣì wà bí ẹ ṣe kù ú ni *ibi ìsinmi*.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo oòrùn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ibi tí oòrùn bá wà fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ibi oòrùn. Ibi tí kò bá tó wákàtí mẹ́ta ni ibi òjìji. Ìyókù wà láàárín méjèèjì.

*Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í:* wọ́n ń wo oòrùn ní ẹ̀ẹ̀kan péré, láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀. Ògiri ìhà ìwọ̀ oòrùn máa ń tutù láàárọ̀, á sì gbóná janjan lẹ́yìn aago méjì, ooru tó sì fà mu lá máa bì sí ewéko tó wà nídìí rẹ̀ títí di alẹ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dúró sí ibikíbi nínú àgbàlá, kí ẹ sọ ohun méjì nípa ibẹ̀ láìronú: irú ẹsẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ àti irú oòrùn tó wà níbẹ̀. Tí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún wò ó.

Ìpele 2: Ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ bu omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ tán. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá wo aago. Tí omi bá gbẹ kí wákàtí kan tó pé, ilẹ̀ yín kì í di omi mú: ìgbẹ́ jíjẹrà àti ìbòlẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Wákàtí kan sí mẹ́rin dára gan-an. Tí omi bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, amọ̀ ló pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kó erùpẹ̀ ga díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó gbin ohunkóhun, torí ewéko tó ń fara da ọ̀dá kì í fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú omi.

Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dàgẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà tó mọ́ kedere tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ojú kì í wọ̀n ọ́n dáadáa.

Ẹ kíyè sí ibi tí omi páànù ti ń já sílẹ̀. Kò sí ewéko abolẹ̀ tó máa gbé ibẹ̀, omi á máa gbẹ́ ẹ jáde ni. Òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ dà síbẹ̀, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40.

Ìpele 3: Yíyàn

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù.

Ní *ojú ẹsẹ̀*, ohun tí mo máa sọ lè má dùn mọ́ gbogbo ènìyàn: kò sí ewéko tí omi díẹ̀ tó fún, tí gbogbo ilé á sì máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò ní kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ le, ilẹ̀ tó bá ti le bẹ́ẹ̀ kì í gba omi, gbòǹgbò ò sì lè wọ̀ ọ́. Òkúta ló ni ojú ẹsẹ̀. Àárín òkúta ló kan ewéko. Ní ibi oòrùn, Cynodon dactylon, koríko tín-ínrín tó ń rá pálá, tí gbogbo wa mọ̀ ní pápá bọ́ọ̀lù, ló le jù. Á gbẹ lójú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ kì í kú. Òjò kan ṣoṣo á jí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń yọ́ wọnú ebè ẹ̀fọ́, kì í sì í gbọ́ràn nínú òjìji. Tí ebè bá wà nítòsí, ẹ fi Paspalum notatum rọ́pò rẹ̀. Òun kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì jìn.

Pápásan náà ń hù láàárín òkúta fúnra rẹ̀. Ẹ má fà á tu. Ewé rẹ̀ tó kún fún omi ló jẹ́ kó lè dúró lójú oòrùn, ó sì ṣeé jẹ. Kì í pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n èso tó gbọ̀n sílẹ̀ á hù nígbà tí òjò bá tún dé.

Ní *ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà*, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣèèṣì tẹ̀, mi ò mọ èyí tó dára ju Arachis pintoi lọ. Ìbátan ẹ̀pà wa ni. Ewé rẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin bíi ti ẹ̀pà, ó máa ń pa ewé pọ̀ lálẹ́, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò. Ẹ wo ó dáadáa ní ìdí: níbikíbi tí oríkèé rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, gbòǹgbò funfun á yọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń di erùpẹ̀ mú nígbà òjò ńlá. Ó ń ṣe dáadáa nínú oòrùn àti nínú òjìji díẹ̀, ó sì ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá bí ẹ̀pà ṣe ń ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó le, ó lè gbọn ewé dànù kó sì dà bí ohun tó ti kú. Ẹ má tú u. Tí igi rẹ̀ bá ṣì tutù nígbà tí ẹ fi èékánná ha á, ó ń bẹ láàyè.

Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ mìíràn lè gbin Tradescantia pallida, elewé aláwọ̀ àlùkò. Ọ̀dá kì í bà á lẹ́rù. Àmọ́ igi rẹ̀ ń ṣẹ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́, omi ara rẹ̀ sì máa ń yún àwọn mìíràn lára. Ẹ gbìn ín sẹ́yìn díẹ̀.

Ní *ibi ìsinmi*, ẹ ní ààyè púpọ̀, àwọn tó sì dára jù kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọjà ìkookò (Sansevieria) ò béèrè omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti mú ilẹ̀. Etí erin (Aloe) bẹ́ẹ̀ náà. Koóko ọba ń di etí ilẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀ mú, ẹ sì máa rí i bù sí tíì. Kúkúndùkú ń bo ilẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọjọ́ tí ẹ bá wà á, ilẹ̀ á tún ṣí sílẹ̀. Mi ò ní gbìn ín nítòsí ọ̀nà. Nínú òjìji, ọ̀dúndún àti àbámọ̀dá dára. Ewé àbámọ̀dá kan tí ẹ gbé sórí ilẹ̀ á hu ọmọ létí ara rẹ̀. Àmọ́ ẹran ọ̀sìn tó bá jẹ àbámọ̀dá púpọ̀ lè kú, nítorí náà inú ọgbà ni kó wà.

*Àwọn tí kò yẹ kí ẹ gbìn:*

Gbọ̀ọ̀rọ̀ ayaba (Ipomoea asarifolia) ń tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àti àgùntàn tó bá ń jẹ ẹ́ á máa gbọ̀n, á sì ṣubú. Ẹ wo wàhálà tó máa dá sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò. Patanmọ́ ní ẹ̀gún, ọmọdé sì ń rìn láìwọ bàtà. Sphagneticola trilobata, olódòdó yẹ́lò tí wọ́n tún ń pè ní Wedelia, á bo gbogbo ohun tó wà nítòsí mọ́lẹ̀, á sì fo ògiri lọ sóko ẹlòmíràn. Gàsọ́ọ̀nù elewé gbòòrò (Axonopus compressus) sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà tó ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ tó tutù ló fẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó, ẹ yọ ewéko kan nínú ike rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Gbòǹgbò funfun tó di erùpẹ̀ mú ló dára. Ẹ wo inú ike náà bóyá koríko mìíràn wà níbẹ̀, pàápàá èyí tó ní hóró dúdú kéékèèké nísàlẹ̀. Tí ìyẹn bá wọ ilé yín, ó máa pẹ́ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará àdúgbò. Ẹni tó ní Arachis kì í sọ pé òun ò ní fún ni ní ẹ̀ka.

*Àyẹ̀wò:* irú ewéko méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, fún gbogbo àgbàlá. Tí orúkọ tó wà lórí ìwé yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ àwọn tí ẹ kàn fẹ́ nítorí òdòdó wọn.

Ìpele 4: Ẹ pa èkan kí ẹ tó gbìn

Èkan ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ní ilẹ̀ wa. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, èyí tí ọkọ́ bá sì gé sí méjì á di èkan méjì. Ẹ wà á jìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ fi ọwọ́ ṣa gbòǹgbò náà, kí ẹ sá a sórí páànù tàbí sìmẹ́ńtì kó gbẹ tán. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí òjò rọ̀ sí i. Èyí tó ṣẹ́kù á yọrí. Ẹ tún wà á.

Ẹ má fi oògùn apakoríko sí ibi tí omi rẹ̀ lè ṣàn lọ sí táńkì tàbí kànga.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ da garawa ìgbẹ́ jíjẹrà kan sí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ibi tí ẹ máa gbin etí erin àti ọjà ìkookò sí kò nílò rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn òjò tó rọ̀ dáadáa, kò sí èkan tó yọrí.

Ìpele 5: Òkúta

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa ń ru omi nínú ilé rìn gba ojú ẹsẹ̀ pẹ̀lú omi lórí, kí ẹ sì máa fi àmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá balẹ̀. Ó sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 60 láti àárín òkúta kan dé àárín èkejì, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má wo ìwọ̀n tèmi. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ da yanrìn tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4 síbẹ̀, ẹ fi omi wọ́n ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó gbé òkúta lé e. Orí òkúta kò gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ ju sẹ̀ǹtímítà kan. Tó bá ga jù, àgbàlagbà á fi ẹsẹ̀ kọ. Tó bá rì, á máa gba omi dúró.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dúró sí igun òkúta kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Èyí tó bá mì, ẹ gbé e kúrò, kí ẹ tún yanrìn rẹ̀ ṣe.

Ìpele 6: Gbígbìn

Lẹ́yìn tí òjò ńlá bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, láti oṣù kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ni kí ẹ gbìn. Ewéko á wá ní oṣù púpọ̀ láti ti gbòǹgbò bọ ilẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn ńlá tó dé ní oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá gbìn ní ìparí oṣù keje á kó sínú ọ̀dá kékeré oṣù kẹjọ. Oṣù kẹsàn-án ṣì ṣeé lò fún ọjà ìkookò àti etí erin, ṣùgbọ́n Arachis tí a bá gbìn nígbà náà máa jẹ omi púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ní Ṣábẹ̀, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gùn jù tiwa lọ, ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù kẹfà rárá.

Ẹ gé ẹ̀ka Arachis ní gígùn sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó ní oríkèé mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ ri oríkèé méjì sínú ilẹ̀, kí ọ̀kan wà lókè. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín wọn túmọ̀ sí ẹ̀ka 16 nínú mítà onígun mẹ́rin kan. Ẹ gé e láàárọ̀, ẹ gbìn ín kí oòrùn tó ga, tàbí kí ẹ fi àpò tútù bò ó títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọjà ìkookò àti etí erin yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ nínú òjìji fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbìn ín, ẹ má sì bomi rin ín lọ́jọ́ náà. Àwọn tó bá gbìn ín tútù tí wọ́n sì bomi rin ín ló ń jẹrà mọ́ lọ́wọ́.

Bàrà ẹ̀gúsí ni kí ẹ gbìn sí àlàfo ibi ìsinmi lọ́dún àkọ́kọ́. Á nà bo ilẹ̀, koríko ò ní rí oòrùn, ẹ ó sì rí ẹ̀gúsí ká.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ rọra fa ẹ̀ka kan sókè. Tó bá dì mọ́lẹ̀, gbòǹgbò ti yọ. Tó bá jáde wẹ́rẹ́, ẹ fi òmíràn dípò kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Ìpele 7: Omi

Omi tó ga ní mìlímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà kan gééré. Nítorí náà, bídọ́ọ̀nù méjì (lítà 50) lórí mítà onígun mẹ́rin 10 dà bí òjò mìlímítà 5. Ẹ fi èyí ṣe ìṣirò kí ẹ má baà fi omi ṣòfò.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: lójoojúmọ́ tí òjò ò bá rọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: ọjọ́ méjì-méjì. Láti oṣù kejì lẹ́yìn gbígbìn: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí omi náà sì pọ̀, kó lè wọlẹ̀ dénú. Omi díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìgbà yìí ló ń ba ewéko jẹ́: gbòǹgbò á dúró sókè níbi tí omi wà, ọyẹ́ á sì pa á lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá rìnrìn àjò.

Omi tí ẹ fi fọ ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì dára fún un. Èyí tó ní ọṣẹ lílágbára tàbí òróró, ẹ má dà á síbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bomi rin ín, ẹ fi ọ̀bẹ gún ilẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Erùpẹ̀ tútù gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀bẹ náà.

Ìpele 8: Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ewúrẹ́, àti ọwọ̀

Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ fọ́n ìbòlẹ̀ sí gbogbo ibi tí ilẹ̀ ṣì hàn, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀ lófìfo lẹ́bàá ògiri ilé, torí ikán. Láti ìgbà náà, Arachis kò nílò ju omi ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjà ìkookò ò nílò rárá.

Ewúrẹ́ fẹ́ràn Arachis gan-an. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún sé ibẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti dì mọ́lẹ̀ dáadáa, bí ewúrẹ́ tilẹ̀ já a jẹ, á tún hù.

Èyí tó kù ni ọwọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló ń gbá ojúde títí ilẹ̀ á fi máa dán, kò sì sí ìyá àgbà tó máa rí èèpo ẹ̀pà nílẹ̀ tí kò ní gbá a. Wọn ò ṣe ibi. Ìmọ́tótó ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, àti pé ilẹ̀ tó mọ́ kì í fi ejò pamọ́. Nítorí náà ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìlà òkúta kékeré pààlà sí ibi tí ọwọ̀ dé, kí ẹ sì gé ewéko tó wà nítòsí ilẹ̀kùn kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, kí ojú lè rí ilẹ̀ lálẹ́.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e bá rọ̀, ẹ fi àdá gé ohun tó ti gbẹ lórí Arachis kúrò, kí ẹ fi ìgbẹ́ jíjẹrà díẹ̀ wọ́n ọn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ibi tí kò bá tíì hù lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ ku eérú síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Tí ẹsẹ̀ bá ń gba ibẹ̀, òkúta ló fẹ́. Tí ẹsẹ̀ ò bá gba ibẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ wo bóyá omi ń wọ ilẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ tó fi ẹ̀ka tuntun dípò.